Ìkòkò Tó Ń Sun Ojú Iná: Ìtàn Ọbẹ̀ Ọjọ́ Ìdíje Tí Kò Ní Àlìkámà Nínú

Bí mo ṣe sọ ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àyàfi ibi tí mo ti wúkọ́ àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti fẹ́ gba ètò lọ́wọ́ mi.

Lọ́dọọdún, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa tó wà ní Houston, Atlanta àti Maryland máa ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ọbẹ̀ wo ni ènìyàn lè gbé kaná láàárọ̀, tí yóò máa jinná fúnra rẹ̀ títí ìdíje yóò fi bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí yóò kún inú dáadáa, tí ẹni tí àlìkámà ń ṣe ní jàǹbá náà yóò sì lè jẹ láìbẹ̀rù? Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn rárá: ẹ se chili ẹran màlúù nínú slow cooker, ìyẹn ìkòkò oníná tó ń rọra se oúnjẹ, kí ẹ sì fi ìyẹ̀fun àgbàdo mú un ki.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ìdáhùn yẹn ṣe wá rọrùn tó báyìí, mo rí i pé ìtàn mẹ́ta ló pàdé nínú ìkòkò kan: ìtàn ìkòkò fúnra rẹ̀, ìtàn àìsàn tí àlìkámà ń fà, àti ìtàn ọbẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ ọkùnrin ló wà lórí ìwé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, obìnrin tó ń dáná, tàbí tó ń ṣọ́ ọmọ, ló ti mọ ohun náà kí ìwé tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Ìkòkò tó sùn sílé oníbúrẹ́dì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Vilna, tí a mọ̀ sí Vilnius lónìí, olú ìlú Lithuania. Àwọn Júù pọ̀ níbẹ̀ gan-an kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Òfin Sábáàtì wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni dáná láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lọ́jọ́ Sátidé. Ènìyàn sì gbọ́dọ̀ jẹun, òtútù ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí a ń fi oúnjẹ tútù kojú.

Ọgbọ́n tí àwọn ìyá dá sí i ni cholent. Wọ́n á da ẹran, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ọkà bálì pọ̀ sínú ìkòkò kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, wọ́n á gbé e lọ sílé oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ ṣì gbóná. Ìkòkò tibí, ìkòkò tọ̀hún, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ inú ààrò kan náà, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Ooru tó kù nínú ààrò, tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni yóò sè wọ́n mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n bá ti jọ́sìn tán, oníkálukú á lọ gbé ìkòkò tirẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí ẹlẹ́wà ṣe ń fi ẹ̀wà sílẹ̀ lórí ẹyin iná lóru, kí ó lè rọ̀ dáadáa kí oníbàárà tó dé láàárọ̀, ti mọ ohun tí mo ń sọ.

Obìnrin kan tó dàgbà sínú àṣà yìí ń jẹ́ Tamara. Ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì gbé ìtàn ìkòkò yẹn dání lọ. Ẹni tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ nínú ìdílé ni Irving Nachumsohn, tí wọ́n bí ní ọdún 1902 ní Jersey City. Irving kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ó sì ṣiṣẹ́ ní Chicago. Ọkùnrin tí orí rẹ̀ kì í sinmi ni: ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ tó gbà láyé rẹ̀ lé ní 200. Ohun kan ń dà á láàmú nígbà náà, bí ooru Chicago ṣe ń pọ̀ tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná ìdáná á tún wá sọ gbogbo ilé di ààrò. Ó rántí ìkòkò Vilna. Bí ooru kékeré bá lè se ẹran àti ẹ̀wà mọ́jú, kí ló dé tí iná mànàmáná kékeré kò ní lè ṣe é?

Ohun tó ṣe kò le yé. Ìkòkò wà nínú agolo, wáyà tó ń gbóná sì yí ìkòkò náà ká lẹ́gbẹ̀ẹ́, dípò kí gbogbo iná dojú kọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kì í fi í tètè jóná nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1936 ló béèrè fún ìwé àṣẹ. Wọ́n fún un ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1940. Ní 1945 ó gé orúkọ ìdílé rẹ̀ kúrú sí Naxon, nítorí pé orúkọ tó bá dún bí ti Jámánì kò rọrùn láti jẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà ogun. Ó wá ń ta ìkòkò náà, ó pè é ní Naxon Beanery, bí ẹni ń sọ pé ìkòkò ẹlẹ́wà. Àwọn tó ń ta oúnjẹ rà á. Ní ilé àwọn ènìyàn, kò gbajúmọ̀ púpọ̀.

Ní ọdún 1970, Naxon fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Rival ti Kansas City. Wọ́n fi ẹ̀wà àti oríṣiríṣi oúnjẹ dán ìkòkò náà wò, wọ́n tún ìrísí rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ tuntun, Crock-Pot. Àkókò náà bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ ilé ṣì ń wojú wọn fún oúnjẹ alẹ́. Ìlérí ìpolówó ọjà náà ni pé oúnjẹ á máa jinná nígbà tí ìyàwó ilé kò sí nílé. Kò sẹ́ni tó polówó pé kí ọkọ wá dáná. Ní 1975, Mabel Hoffman kọ ìwé oúnjẹ kan lórí ìkòkò yìí, Crockery Cookery, ìwé náà sì tà káàkiri Amẹ́ríkà. Báyìí ni ìkòkò tí àwọn ìyá Vilna fi yẹra fún iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi ṣe di ìkòkò tí àwọn ìyá Amẹ́ríkà fi ń ṣe iṣẹ́ méjì lójúmọ́.

Ìyá tó yọ búrẹ́dì kúrò nínú àwo

Ẹ padà wo ohun tó wà nínú cholent lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹran, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún, ọkà bálì. Ọkà bálì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Gluten ni wọ́n ń pe púrótéènì tó wà nínú àlìkámà, ọkà bálì àti ọkà ráì. Òun ló ń jẹ́ kí àpòrọ́ búrẹ́dì máa fà bíi gọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ ẹ́ tí ohunkóhun kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àrùn celiac, bí gluten bá ti dé inú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara á dojú ìjà kọ ìfun rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó dúró bí ìka nínú ìfun, tí wọ́n ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ á máa jẹun, á sì máa rù. Ìyẹn ni pé ìkòkò àkọ́kọ́ pàá, bàbá ńlá slow cooker, kò ní ṣeé jẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti òní. Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà láyé àtijọ́, ti kọ̀wé nípa àwọn tí oúnjẹ kì í dà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò fún ikùn ni orúkọ àrùn náà ti wá. Ní 1887, ní ilé ìwòsàn ọmọdé Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ́nù, Dókítà Samuel Gee ṣe àlàyé àrùn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní bí ìwòsàn kankan bá wà, inú oúnjẹ la ó ti rí i. Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tó jẹ́ ọ̀daràn. Ní 1924, Dókítà Sidney Haas ní New York ròyìn pé òun fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn náà, ara wọn sì yá. Wọ́n rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wò wọ́n sàn. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí wọn kò jẹ ló wò wọ́n sàn: bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe gba àyè inú àwo ni búrẹ́dì kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá padà sídìí búrẹ́dì lẹ́yìn tí ara wọn yá, àìsàn náà ń dúró dè wọ́n.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà wò ni Willem-Karel Dicke, dókítà ọmọdé ní ìlú The Hague ní Netherlands. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ àwọn ọmọ tó ń tọ́jú. Ibo ló ti rí èrò yẹn? Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé ìyá ọ̀dọ́ kan ló sọ fún un. Ara ọmọ obìnrin náà máa ń sú. Ó kíyè sí i pé bí òun bá ti yọ búrẹ́dì kúrò nínú oúnjẹ ọmọ náà, ara rẹ̀ á tètè dán. Orúkọ obìnrin yẹn kò sí nínú ìtàn. Dicke gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ìyìn rẹ̀ nìyẹn: dókítà tó gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ, tí kò ní kí ó lọ jókòó.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé Ìgbà Òtútù Ebi ló jẹ́ kí Dicke rí gluten. Láti ìparí 1944 títí di ìgbà tí ogun parí ní 1945, àwọn Násì ló ṣì di ìwọ̀ oòrùn Netherlands mú, oúnjẹ sì tán nílẹ̀ débi pé ọ̀pìlẹ̀ ènìyàn ń se gbòǹgbò òdòdó tulip jẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Láàárín ìyà yẹn, àwọn ọmọ tó ní celiac kò rí búrẹ́dì jẹ, ara tiwọn sì ń dára sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn padà dé. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé: Dicke ti kọ̀wé nípa oúnjẹ tí kò ní àlìkámà ní 1941, kí ebi yẹn tó dé. Ebi jẹ́rìí sí i ni. Ìyá kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní 1950, Dicke kọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht lórí ọ̀rọ̀ náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Weijers àti van de Kamer, sì fi hàn nínú àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1953 pé gluten inú àlìkámà gan-an ni olórí ọ̀daràn.

Mo ní ìdí tí apá yìí fi wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Houston. Ó lé ní ọdún méjì tó fi ń gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ síwájú, lọ sẹ́yìn. Inú ọmọ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kì í dá. Dókítà kan ní ọmọ náà kàn ń yan oúnjẹ ni. Òmíràn ní kí ẹ̀gbọ́n mi dín ata kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé lọ́sẹ̀ tí ìyá wa àgbà bá wà lọ́dọ̀ wọn, tó jẹ́ pé àmàlà, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ, ara ọmọ á fúyẹ́. Bí màmá bá ti lọ, tí wọ́n padà sídìí búrẹ́dì àti sèmó, wàhálà dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ọjọ́ dé ọjọ́. Ìwé yẹn ló gbé síwájú dókítà kẹta. Ìyẹn kà á, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Celiac ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí ẹ bá fura sí irú rẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ yọ àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn ń wá ohun tí ara ń ṣe nígbà tó bá ń bá gluten jà. Bí kò bá sí gluten nínú ara mọ́, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní àìsàn òyìnbó ni. Ní 1999, ìwádìí kan láàárín àwọn ọmọ Saharawi, ní ìwọ̀ oòrùn Sàhárà ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, rí i pé ó lé ní 5 nínú 100 tó ní in.

Àwọn obìnrin gbàgede San Antonio

Ó ku ọbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní San Antonio, Texas, láyé ọdún 1880, àwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò á gbé tábìlì gígùn jáde sí gbàgede Military Plaza. Wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á dáná igi, wọ́n á sì gbé chili kaná: ẹran màlúù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ata gbígbẹ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì lọ̀, aáyù, kúmínì. Onímàlúù, ṣọ́jà, amòfin, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, gbogbo wọn ló ń jókòó sórí àga kan náà. Chili Queens ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ayaba chili. Òkìkí wọn kàn débi pé ní 1893, níbi Àfihàn Àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Chicago, wọ́n gbé ìsọ̀ chili San Antonio kan kalẹ̀ fún ayé tọ́ wò.

Láàárín ọdún 1890 sí 1900, William Gebhardt, ará Jámánì tó ń gbé ní New Braunfels, nítòsí San Antonio, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata gbígbẹ pọ̀ mọ́ àwọn èròjà náà, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń tà á. Báyìí ni ẹni tí kò dé San Antonio rí ṣe lè se chili nílé rẹ̀. Ìgò rin ìrìn àjò, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ọbẹ̀ kò ríbi dúró sí. Nígbà tí wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Ìlú sí àárín Military Plaza, àwọn obìnrin náà kó lọ sí gbàgede mìíràn. Láyé ọdún 1930, àwọn aláṣẹ ìlera ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn ní orúkọ ìmọ́tótó. Olórí ìlú Maury Maverick dá wọn padà fún ìgbà díẹ̀ ní 1939, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pòórá pátápátá. Ní 1977, ilé aṣòfin Texas sọ chili di oúnjẹ àpapọ̀ ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n lé alásè, wọ́n fi oúnjẹ joyè.

Ẹ kíyè sí ohun kan: kò sí àlìkámà nínú ọbẹ̀ ìpìlẹ̀ yẹn. Ohun tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè ní Texas fi ń mú un ki ni masa, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti fi omi ẹfun sè kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìmọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Ó sì kàn wá, nítorí pé láti ilẹ̀ àwọn ènìyàn yẹn ni ata àti àgbàdo ti wá, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí fi gbé wọn dé etíkun wa lẹ́yìn tí Columbus ti dé ọ̀hún. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ní Ìbàdàn àti ẹni tó ń jẹ chili oní-masa ní San Antonio, oko kan náà ni wọ́n ti ń kórè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí àwọn kan ń bù sínú chili lóde òní, ẹ̀yìn ló dé.

Bí ìkòkò ṣe pàdé ìdíje

Ìdíje Super Bowl àkọ́kọ́ wáyé ní Los Angeles ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1967. Green Bay Packers na Kansas City Chiefs pẹ̀lú 35 sí 10. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kìíní 1970, Chiefs padà wá, wọ́n na Minnesota Vikings 23 sí 7 ní New Orleans. Ọdún yẹn gan-an ni Rival, ilé-iṣẹ́ Kansas City kan náà, ra ìkòkò Naxon. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò àti ìdíje jọ dàgbà ni. Tẹlifíṣọ̀n kó àwọn ènìyàn jọ sí pálọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Ìkòkò sì wà ní kọ̀rọ̀, kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni dìde nídìí eré wá rò ó. Nígbà tí Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà láti Enugu, wọ Chiefs ní 1987, tó sì jẹ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jù ní gbogbo líìgì ní 1989, àwọn ará wa tí kò mọ òfin eré náà rárá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdí láti jókòó wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbi irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ á bu oúnjẹ láti inú ìkòkò kan. Òun á lọ ṣí báàgì tirẹ̀ ní igun kan. Àwọn àǹtí á máa pè é pé kí ó wá jẹ díẹ̀, pé díẹ̀ kò lè pa á lára. Nílé wa, ẹni tí kò bá bá wa jẹun dà bí ẹni tó ń ṣe wá ní fáàárí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sì lè dúró máa ṣe àlàyé ìfun fún àgbàlagbà. Nítorí náà, ìkòkò tó mọ́ kúrò lọ́wọ́ àlìkámà kì í ṣe àṣejù. Òun ló ń gbé ọmọ náà kúrò ní igun.

Bí a ṣe ń sè é

Fún ènìyàn mẹ́jọ, mo máa ń lo kílò kan ààbọ̀ ẹran èjìká màlúù tó ní ọ̀rá díẹ̀, tí mo gé sí wẹ́wẹ́ tó ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀. Ẹran tó bá wà nínú yìnyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́ tán, nítorí iná ìkòkò yìí kéré. Bí ẹran tútù bá wọ inú rẹ̀, ó máa pẹ́ jù nínú ooru lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kòkòrò àrùn fẹ́ràn. Ẹ yan ẹran náà díẹ̀ nínú páànù títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹ rẹ ata gbígbẹ ńlá Mẹ́síkò mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní ancho, sínú omi gbígbóná, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà méjì, aáyù mẹ́rin àti tòmátò mẹ́ta. Bí ancho kò bá sí, tàtàṣé gbígbẹ pẹ̀lú ṣọ̀ǹbọ̀ díẹ̀ ṣeé lò. Ẹ fi ṣíbí kúmínì méjì sí i, iyọ̀ níwọ̀n, àti omi kọ́ọ̀pù méjì. Ẹ dé e. Wákàtí mẹ́jọ lórí iná kékeré, tàbí mẹ́rin sí márùn-ún lórí iná ńlá. Ẹ má máa ṣí i wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ooru tó ti kó jọ á jáde, iṣẹ́ á gùn. Nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ po ṣíbí masa mẹ́ta mọ́ omi díẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹ̀wà pupa tó rí bíi kíndìnrín ní májèlé kan tí iná kékeré slow cooker kò lè pa. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ bọ̀ ọ́ lórí iná gidi kí ó hó dáadáa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó wọ inú ìkòkò.

Wàyí o, ibi tí àlìkámà ń fara pamọ́ sí. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí magí tàbí èròjà yòówù tí ẹ bá fẹ́ lò. Sọ́ọ̀sì sóyà sábà máa ń ní àlìkámà. Bíà, tí àwọn kan ń dà sínú chili, ọkà bálì ni wọ́n fi ṣe é. Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006 fi dandan lé e pé kí wọ́n dárúkọ àlìkámà lára páálí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọkà bálì. Òfin 2013 ló sọ pé ohun tí wọ́n bá kọ gluten-free sí lára kò gbọdọ̀ ní tó mílígíráàmù 20 gluten nínú kílò kan. Ẹ ka ti masa náà, nítorí ọlọ tó lọ àgbàdo lè ti kọ́kọ́ lọ àlìkámà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìkòkò yẹn ní ìgbakọ tirẹ̀, kí ẹ sì gbé búrẹ́dì sí orí tábìlì mìíràn. Ìgbakọ tó kan búrẹ́dì tó padà sínú ọbẹ̀ ti ba iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ jẹ́.

Èyí tó ṣòro jù kì í ṣe sísè. Ó ṣòro fún àwa tí a kò ní àìsàn náà láti gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ gbọ́ nígbà tó bá ní ohun kan ń pa ọmọ òun lára, kí dókítà tó fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ Naxon, ìwé ìwádìí Dicke àti ìgò Gebhardt ṣe iṣẹ́ ńlá, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì bá tí sí, bí kò bá jẹ́ ti Tamara, ìyá tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ní The Hague, àti àwọn ayaba gbàgede. Bí ìyá kan bá sọ fún yín lọ́jọ́ ìdíje tó ń bọ̀ pé kí ẹ má fi ìgbakọ búrẹ́dì bu ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí a ó dánu dúró sí nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìkòkò ìyá àgbà yín tó ń sun ojú iná, ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń sè é ránṣẹ́ sí wa, kí a lè kà á lórí ètò. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa jẹun dáadáa o.